Ọkọ mi fẹ́ kó ilé àti ilẹ̀ wa sínú trust, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Adébáyọ̀ (Akóbọ̀)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti bí oṣù méjì tí kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé ẹni tó ti la irú ẹ̀ kọjá kò ní ṣàìsí láàárín yín.

Ọmọ ọdún 64 ni mí, ọkọ mi ti pé 73. A ní ilé oní-fúláàtì mẹ́rin ní Akóbọ̀ níbí, à ń gbé ọ̀kan, ayálégbé wà nínú mẹ́ta yòókù. A tún ra pulọ́ọ̀tì méjì sí Mọníyà lọ́dún 2009, nígbà tí igbó ṣì kún ibẹ̀. Láti ìgbà tí rélùwéè ti ń ti Èkó wá débẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í pe ọkọ mi bóyá ó máa tà á. Ó ní ṣíà díẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ní owó ní báǹkì. Gbogbo ìwé pátá, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Èyí àkọ́kọ́ wà ní Kánádà. Èkejì wà nílùú níbí, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Lọ́dún tó kọjá a lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí a tó dé, ó ti ta jẹnẹrétọ̀ bàbá rẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ti pé ọdún 28, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ dọ́gba láti kékeré. Ó lè wẹ̀, ó lè gbálẹ̀, kò sí orin ìsìn tí kò mọ̀ lórí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá na igba náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà sí i pọ̀, èyí tó bá mọ́ jù ló máa mú. Ọkọ mi sì bí ọmọkùnrin kan kó tó fẹ́ mi. Ọmọ dáadáa ni, ọ̀dọ̀ wa ló ti ka sẹ́kọ́ńdìrì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí ojú mi rí nígbà tí bàbá tèmi kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé wọn ní Òkè-Àdó pé ilé yìí kì í ṣe títà. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi tà á. Ìkòkò ìyá mi ni mo fọwọ́ ara mi gbé jáde, ọ̀dà yẹn ò tíì ṣí lára ògiri.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnì kan wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní trust, pé èèyàn á fi ìwé kó nǹkan rẹ̀ lé àwọn kan lọ́wọ́ kí wọ́n máa mójú tó o fún ìdílé rẹ̀, ọkọ mi sì ti gbé e sórí. Tí a bá ti kó ilé sínú ẹ̀, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn? Ṣé wíìlì ò tó? Ta sì ni èèyàn lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́?

Múyìídé (Mọ́kọ́lá)

Màámi, ẹ kú àníyàn. Ẹ má fi èyí da ara yín láàmú rárá. Trust, ti àwọn olówó ńlá ni. Kí Bàbá ṣe wíìlì, kí wọ́n fi orúkọ yín sí next of kin ní gbogbo báǹkì, ó parí. Owó tí lọ́yà máa gbà, ẹ fi tún òrùlé ṣe.

Ọmọ Bẹẹrẹ

Bọ̀dá Múyìídé, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ next of kin yẹn ló kó bá àwa. Èmi ni bàbá mi fi síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú mo mú ìwé lọ sí báǹkì pẹ̀lú ìdánilójú, wọ́n ní kí n lọ gba ìwé ní kọ́ọ̀tù wá, pé next of kin kàn jẹ́ ẹni tí àwọn máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni, kì í ṣe ẹni tó jogún. Ó gbà wá tó oṣù mẹ́rìnlá. Owó tá a fẹ́ fi sanwó ilé ìwé àbúrò mi ti wà ní báǹkì yẹn ní gbogbo àsìkò náà, ọmọ náà sì jókòó sílé.

Lọ́yà Ring Road

Òótọ́ ni Ọmọ Bẹẹrẹ sọ. Màámi, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ohun tí a lè fi gbólóhùn méjì dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí Bàbá ò bá ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé ìdána nìkan lẹ ṣe, tí ẹ ò fẹ́ra yín ní kọ́ọ̀tù, àṣà Yorùbá ló máa pín ogún wọn. Àṣà wa ò fún ìyàwó ní ogún ọkọ. Ọmọ ló ń jogún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìdí igi ni wọ́n sì máa ń pín in sí, ìyẹn ni pé iye ìyá tó bímọ fún bàbá ni iye ọ̀nà tí ogún máa yà sí. Ẹjọ́ kan wà, Dawodu àti Danmole, ìdílé Èkó ni. Ọmọ mẹ́sàn-án, ìyá mẹ́rin. Wọ́n jà á títí dé Privy Council, kọ́ọ̀tù àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a lọ́dún 1962 pé ìdí igi ni àṣà, pé orí òjorí, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà, jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè lò tí ìjà bá wà lórí pípín. Nínú ilé tiyín, ìdajì máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí Bàbá bí ṣáájú, torí òun nìkan ló wà ní ìdí igi tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta tiyín á wá pín ìdajì tó kù. Ẹ̀yin fúnra yín, kò sí. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, òfin míràn ló máa pín in, ìyàwó sì ní ìpín nínú ẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ wá ìwé ìgbéyàwó yín jáde kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. (Kí ẹnikẹ́ni má sì gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ ti ọmọ ìṣáájú yẹn sẹ́yìn pé ìyá ẹ̀ ò sí nílé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 42, ò gbà kí a fi bí wọ́n ṣe bí èèyàn dù ú ní ẹ̀tọ́.)

Ó wá kan trust. Ẹni tó ni nǹkan á fi ìwé gbé e fún àwọn tí a ń pè ní trustee, kí wọ́n máa mójú tó o fún àwọn tí ìwé dárúkọ. Orúkọ trustee ló máa wà lórí ilé, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ nínú ẹ̀ kọjá ohun tí ìwé bá fún un. Bàbá lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun àti ìyàwó òun á máa gbé inú ilé, àwọn á sì máa gba owó ilé títí ẹni tó gbẹ̀yìn nínú àwọn méjèèjì á fi kú. Wọ́n tún lè kọ ọ́ pé àwọn lágbára láti tú u ká nígbà tó bá wù wọ́n. Nítorí náà, lórí ìwé, ó ti kúrò lórúkọ wọn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa lé yín jáde.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Bàbá ṣì wà láyé, kì í dúró de kọ́ọ̀tù lẹ́yìn ikú. Èkejì wà nínú wíìlì, Bàbá á kọ ọ́ pé tí òun bá kú, kí nǹkan báyìí wọ inú trust. Ìyẹn kò ní ná wọn lówó púpọ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba probate kọjá, ìyẹn kí kọ́ọ̀tù fọwọ́ sí wíìlì náà, kó tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wíìlì fúnra rẹ̀ nílò ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá ń fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí tàbí ọkọ àbí ìyàwó ẹlẹ́rìí ò gbọ́dọ̀ sí lára àwọn tí a fún ní nǹkan, torí ohun tí a fún un máa já sófo.

Ìdí tí mo fi rò pé trust yẹ ilé yín ni àwọn ọmọ méjì yẹn. Tí wíìlì bá gbé fúláàtì kan fún àbíkẹ́yìn yín tààrà, ta ló máa bá a gbowó ilé? Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa ọwọ́ ọmọ náà tẹ ìwé ló máa gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú trust, trustee lá máa gbowó ilé, á máa fi sanwó ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, owó oúnjẹ àti owó ọsibítù. Ti èkejì náà, ẹ lè kọ ọ́ pé kí wọ́n má fi odidi nǹkan lé e lọ́wọ́, pé trustee ló máa wò ó bóyá kí wọ́n san owó ilé ẹ̀ tàbí owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀. Ohun tí kò bá tíì di tirẹ̀, àwọn tó jẹ ní gbèsè ò lè wá gbà á. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé Bàbá fúnra wọn ló jẹ gbèsè, tí wọ́n wá ń kó nǹkan pa mọ́ fún ẹni tí wọ́n jẹ, kọ́ọ̀tù máa tú u ká.

Ohun ìkẹyìn, ilẹ̀ kì í ṣe ṣíà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sọ pé kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹ máa lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ti ìjọba ní Agódi, ẹ máa san owó sítáǹpù, ẹ máa san ti ìforúkọsílẹ̀. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́yà yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Káyọ̀dé (Houston)

Ẹ kú àlàyé sà. Níbí o, wákàtí kan ló gbà mí láti ṣe living trust, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èèyàn ṣì wà láyé, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì kọ ilé mi tó wà ní Ọlọ́runṣògo mọ́ ọn. Màámi, kí ọmọ yín tó wà ní Kánádà bá yín ṣe é lọ́hùn-ún.

Lọ́yà Ring Road

Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ tètè tún ti Ọlọ́runṣògo yẹn wò. Òfin ibi tí ilẹ̀ bá wà ló máa ń dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìwé tí ẹ ṣe ní Amẹ́ríkà ò lè gbé ilẹ̀ Ìbàdàn kúrò lórúkọ yín láìjẹ́ pé ẹ ṣe ti ibí. Bó ṣe rí yẹn, ilé yín ò sí nínú trust kankan.

Káyọ̀dé (Houston)

Ha. Ẹ ṣeun sà. Mo máa fi ìwé ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀.

Àǹtí Fọlákẹ́ (Òkè-Bọ́là)

Ohun tí lọ́yà sọ gbẹ̀yìn yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí wa, Màámi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tọkàntọkàn.

Bàbá mi ṣe trust. Ilé iṣẹ́ kan ló bá wọn ṣe é, mi ò ní dárúkọ wọn. Ìwé náà nípọn, wọ́n fi awọ aláwọ̀ búlúù dì í, Bàbá máa ń gbé e jáde hàn wá lọ́jọ́ ọdún Kérésì. Wọ́n ń san owó iṣẹ́ lọ́dọọdún, wọn ò pa á jẹ rí. Nígbà tí wọ́n wọ káà ilẹ̀ sùn, a gbé ìwé lọ. Ọmọbìnrin tó wà ní tábìlì ṣí ojú ewé ìkẹyìn, níbi tó yẹ kí wọ́n ti to gbogbo ohun tó wà nínú trust. Ìlà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n kọ nǹkan sí, owó ìbẹ̀rẹ̀ tí Bàbá fi ṣí i. Ìlà mẹ́wàá tó kù ò ní nǹkan kan nínú. Ilé méjèèjì ṣì wà lórúkọ Bàbá ní Agódi. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé fífọwọ́ sí trust ò gbé ilé wọnú ẹ̀, pé ìwé míràn wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún ilé kọ̀ọ̀kan.

A padà sí ìdí igi náà ni. Ọdún kẹfà rèé, ẹjọ́ ṣì wà ní kọ́ọ̀tù.

Ẹ béèrè ojú ewé ìkẹyìn yẹn. Kẹ́ ẹ rí àdírẹ́sì ilé yín níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí ìwé Agódi tó bá a lọ.

Alhaji Ọjà'ba

Àsàlámù aláékùm. Mo fẹ́ fi tiwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí kún un, torí àwọn kan tó ń kà á lè máa rò pé ìkan náà ni. Wíìlì tiwa ò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, a ò sì lè fi fún ẹni tó ti jẹ́ ajogún tẹ́lẹ̀ àyàfi tí àwọn yòókù bá gbà. Èyí tó kù, Kùránì ti pín in: ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ tí ọmọ bá wà, ọmọkùnrin sì ń gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin. Ohun tí èèyàn bá fẹ́ ṣe yàtọ̀ sí èyí, kó fi tọrẹ nígbà tí ara ẹ̀ le, kó sì gbé e lé ẹni náà lọ́wọ́ gan-an. Ti orí ibùsùn ikú, bíi wíìlì ni wọ́n máa kà á.

A tún ní wákáfù, ohun ìní tí èèyàn yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́run, èyí tó ti wà tipẹ́ ká tó máa gbọ́ trust. Mo fi ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò lè tà á, owó rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ-ọmọ mi, èyí tó bá ṣẹ́ kù ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Tiwa ò ní òpin o.

Lọ́yà Ring Road

Ó dáa tí Alhaji dá sí i. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yàtọ̀: trust ìdílé lábẹ́ òfin kọ́ọ̀tù ò lè máa lọ títí ayé, ó gbọ́dọ̀ ní àkókò tí nǹkan á bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Mùsùlùmí tó bá fẹ́ ṣe wíìlì ní ìpínlẹ̀ yìí, kó wá lọ́yà tó gbọ́ méjèèjì.

Ṣèyí T. (Sáńgò)

Kí ló dé tí ẹ ò kàn forúkọ ẹbí sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí incorporated trustees? Ó ní trustee nínú, ìjọba sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́yà Ring Road

Orúkọ ló jọra, Ṣèyí. Ti ẹgbẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti iṣẹ́ àánú nìyẹn nínú CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020, wọn ò gbọ́dọ̀ pín èrè fún ara wọn. Kò lè bọ́ ọmọ.

Bàbá Mọ́gàjí (Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ohun kan ń kù.

Ìyàwó wa, ṣé ọkọ rẹ ti sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀? Ohun tó bá fi òógùn ara rẹ̀ ní, tirẹ̀ ni, ó lè ṣe é bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n tó bá ní ìpín kankan nínú agbo ilé tàbí nínú oko bàbá wọn, ìyẹn ò lè wọnú trust, torí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Kó má tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, torí ẹjọ́ ló máa mú wá.

Mo jókòó sórí àga mọ́gàjí, mo sì ti parí ìjà ogún tí mi ò lè kà mọ́. Èyí tó le jù nínú gbogbo wọn ni èyí tí òkú fi ìwé pa mọ́. Kì í ṣe pé ohun tó kọ burú. Àwọn tó ṣẹ́ kù ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni, wọ́n á ní ìyàwó ló kọ ọ́. Kí ọkọ rẹ pe àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, kó pe àbúrò kan tó gbọ́n, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere.

Ọmọ Bẹẹrẹ

Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí àwọn àbúrò. Àwọn àbúrò bàbá mi gbọ́, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ọ̀kan ní àlá, ọ̀kan ní gbèsè. Bàbá mi tún ìwé wọn kọ lẹ́ẹ̀mejì torí àtimú inú wọn dùn. Kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ. Ó tó.

Bàbá Mọ́gàjí (Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun)

Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Kó wá jẹ́ ẹnì kan péré, ẹni tí kò bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ìyá Ìbejì (Apẹ́tẹ̀)

Ìyá Adébáyọ̀, ọ̀kan nínú ìbejì mi dà bí àbíkẹ́yìn yín, ọmọ ọdún 31 ni. Èyí tó kàn wá, èmi àti ẹ̀yin, kì í ṣe owó nìkan. Trustee lè ní owó lọ́wọ́ kó má mọ ohun tó máa fi ṣe.

Mo ní ìwé pélébé kan tí mo so mọ́ trust tiwa. Kì í ṣe ìwé òfin, lẹ́tà lásán ni sí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í jẹ ẹja tó ní egungun, pé tí òjò bá ń sán àrá kí wọ́n tan rédíò. Mo kọ ọ́ pé tó bá ń fọwọ́ pa etí ọ̀tún, orí ló ń fọ́ ọ, kò lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ ìbí mi ni mo máa ń tún un kọ lọ́dọọdún, torí nǹkan ń yí padà lára rẹ̀.

Ní ti trustee, èèyàn méjì àti ilé iṣẹ́ kan ni tiwa. Ilé iṣẹ́ náà wà lára àwọn tí SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, forúkọ wọn sílẹ̀, ẹ lè wo orúkọ wọn lórí ìkànnì SEC. Ilé iṣẹ́ kì í kú, àmọ́ wọn ò mọ ọmọ mi. Èèyàn méjì yẹn mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ẹni tó ń di owó mú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan lè máa ṣọ́ èkejì.

Múyìídé (Mọ́kọ́lá)

Màámi, mo gba ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ padà. Mi ò ronú kan àbíkẹ́yìn yín rárá nígbà tí mo ń kọ ọ́. Ẹ má bínú.

Ìyá Adébáyọ̀ (Akóbọ̀)

Kò sí ìbínú, ọmọ mi. Olúwa á bùkún gbogbo yín. Ọkọ mi ló ń ka gbogbo rẹ̀ sókè fún mi ní pálọ̀, a sì dúró lórí ti Àǹtí Fọlákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ibi tí a bá a dé rèé. A fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Ìwé ìgbéyàwó wa wà, kọ́ọ̀tù ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, ti Akóbọ̀ wà. Ti Mọníyà, rìsíìtì àti ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ nìkan la rí, kò sí sọ́fè. Ọkọ mi ti pe sọ́fèyọ̀, wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ilé Akóbọ̀ nìkan la máa kó sínú trust báyìí, àwa méjèèjì á máa gbé inú ẹ̀. Mọníyà á wà nínú wíìlì títí ìwé rẹ̀ fi máa pé.

Ọmọ ìṣáájú yẹn wá lánàá. Ọkọ mi sọ ọ́ fún un tààrà pé òun fẹ́ kó wà lára àwọn trustee. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè bóyá mo mọ̀ sí i. Mo ní èmi gan-an ni mo dárúkọ rẹ̀. Èkejì ò tíì gbọ́, ọkọ mi ní ọjọ́ Àìkú ni òun máa bá a sọ ọ́, òun nìkan. Ọwọ́ mi wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn nínú àdúrà.

Ìyá Ìbejì, mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Ojú ewé méjì ti kún, mi ò tíì dé ibi oúnjẹ. Ṣé ẹ kọ orúkọ oògùn rẹ̀ sí tiyín, àbí ìwé dókítà lẹ so mọ́ ọn?

Ìyá Ìbejì (Apẹ́tẹ̀)

Ìwé dókítà ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ bó ṣe máa ń gbé e mì. Tèmi, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń fi sí.